Ibi Tí Wọ́n Ní A Kì í Padà: Ọjọ́ Kan Lórí Kẹ̀kẹ́ láti Gberefu

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kan la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ ní etí òkun ní Gberefu, ó gba Àgbádárìgì kọjá, ó gba Adó-Odò, ó sì parí sí Aké ní Abẹ́òkúta. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì gun kẹ̀kẹ́ ológeere tọ ọ̀nà yìí láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni mo fẹ́ sọ, torí ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi wá pé ta ló rán wa níṣẹ́: ní Sípéènì, lọ́dọọdún làwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Santiago de Compostela. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ rin 100 kìlómítà ó kéré tán kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́, 200. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ohun tó wà ni ọ̀nà, àti ìbéèrè kan tí mo ti ń gbé kiri láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ta ló gbé ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì wọ ilẹ̀ Yorùbá? Ìdáhùn tí wọ́n kọ́ wa ni pé àwọn òyìnbó ni: Freeman, Townsend, Gollmer. A há orúkọ wọn sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gba máàkì. Ìdáhùn yẹn kò tó.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ti wà ní èbúté Àgbádárìgì. Gberefu wà ní òdìkejì ọ̀sà, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, tí òkun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi la kó kẹ̀kẹ́ sí. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ náà wo kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo ojú wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí iyanrìn lẹ fẹ́ gun nǹkan yìí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, bí ẹ bá gbàdúrà fún wa." Ẹ̀rín pa á títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Iyanrìn Gberefu jinlẹ̀, ó sì rọ̀. Títì la ti kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn igi àgbọn títí a fi gbọ́ ariwo òkun.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ń mú àlejò rìn níbẹ̀ sọ pé wọ́n máa ń mú kí àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀, kí ọkàn wọn lè rọ̀, kí wọ́n má rántí ilé mọ́. Lẹ́yìn kànga ni etí òkun, níbi tí wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà kan sí tó dojú kọ omi. Orúkọ tí ayé mọ ibẹ̀ mọ́ ni Point of No Return, ibi tí a kì í padà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òkun. Mi ò bá wọn wí, èmi náà yà.

Orúkọ yẹn ló dá mi dúró. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn tí wọ́n kó gba ibẹ̀. Brazil, Cuba, àwọn erékùṣù Caribbean: wọn kò padà, àwọn ọmọ wọn ló kù lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn kan tí wọ́n kó gba etíkun wa yìí lọ padà wá, lójú ara wọn, lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò nínú ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Àgbádárìgì, kò sí ìtàn tó kù.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ọkọ̀ ogun sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti máa lé àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú. Èyí tí ọwọ́ bá tẹ̀, Freetown ní Sàró ni wọ́n máa ń mú un lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àwọn èèyàn inú rẹ̀ sílẹ̀. Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, tí gbogbo wa mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther, wà lára wọn. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú nígbà tí ogun kó ìlú wọn. Wọ́n tà á lọ, wọ́n tà á bọ̀, títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n fi gbé e wọ ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé Èkó ni wọ́n ti gbé e, kì í ṣe Gberefu, torí ẹnu àwọn èèyàn máa ń yára so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ní Freetown, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ yìí kọ́ ìwé, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ṣòwò, wọ́n sì gba Jésù. Ṣùgbọ́n ilé ò kúrò lọ́kàn wọn. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé àwọn kan mu omi kànga, àwọn wọ̀nyí ò mu tó.

Nǹkan tí wọ́n wá ṣe ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Bí ìjọba bá ti gba ọkọ̀ ẹrú kan, tí ilé ẹjọ́ sì ti dá a lẹ́bi, wọ́n máa ń ta ọkọ̀ náà ní gbàǹjo. Ní 1839, àwọn oníṣòwò kan tí àwọn fúnra wọn ti jẹ́ ẹrú rí dá owó jọ, wọ́n ra ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pè é ní Queen Victoria. Wọ́n kó ọjà àti èèyàn sínú rẹ̀, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn láti fi kó ẹrú lọ ni wọ́n fi kó ẹrú àná bọ̀ wálé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Àgbádárìgì, tí kì í ṣe Èkó? Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ni Èkó wà nígbà yẹn, wọ́n sì ja àwọn Sàró tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé lólè. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn ń lọ gan-an kì í ṣe etí òkun. Abẹ́òkúta ni, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká ti tún ara wọn kó jọ láti nǹkan bí 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́. Àgbádárìgì ni ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn ni James Ferguson, Sàró, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1841 ló kọ lẹ́tà láti Àgbádárìgì sí Freetown pé kí wọ́n rán míṣọ́nnárì sí àwọn. Lẹ́tà yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì rán Thomas Birch Freeman láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842. Nítorí náà, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé, kì í ṣe inú òkùnkùn ni wọ́n já sí. Àwọn tó ránṣẹ́ pè wọ́n ti ń dúró dè wọ́n.

Freeman tí a ń kà mọ́ òyìnbó yẹn náà, Hampshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí lóòótọ́, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ẹ wá àwòrán rẹ̀ lórí Google. Ẹni tó bá a wá, William de Graft, ọmọ Fante láti Gold Coast ni, òun ló sì dúró ti ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843.

A padà sọdá ọ̀sà ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, a sì fi kẹ̀kẹ́ sẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Àárín ìlú Àgbádárìgì kò tóbi. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lè rí gbogbo ibi tí mo fẹ́ dárúkọ yìí láàárín wákàtí méjì, kó tún rí ààyè jẹ ẹ̀kọ.

Ibi tí igi Àgíà wà tẹ́lẹ̀ la kọ́kọ́ lọ. Igi ńlá ni, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wàásù ní 1842. Ìjì wó o ní 1959, òpó ìrántí ni wọ́n mọ síbẹ̀ báyìí. Kí Kérésìmesì ọdún yẹn tó dé, Freeman ti gun ẹṣin lọ sí Abẹ́òkúta, ó ti rí Ṣódẹkẹ́, ó sì padà dé ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ó bá Henry Townsend tí àwọn CMS, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà, rán wá ní Àgbádárìgì. Wọ́n jọ ṣe Kérésìmesì. Àwọn ará ibẹ̀ yóò sọ fún yín pé òun ni Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Èmi ò ní bá wọn jà nínú ìlú wọn, ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà Kátólíìkì láti Pọtogí ti wà ní ààfin Warri láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, mi ò sì rò pé wọ́n gbàgbé Kérésìmesì. Ká sọ pé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá àti ti Ògù, ó tó bẹ́ẹ̀.

Townsend náà kò dá wá. Andrew Wilhelm bá a wá, Sàró, ọmọ Ẹ̀gbá. Nígbà tí Townsend padà sí Freetown ní 1843, Wilhelm ló kù ní Abẹ́òkúta, tó ń kó àwọn Sàró jọ fún àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì bóyá wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọmọ Áńgílíkà ni ọ̀kan, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí èkejì sí. Wọn ò gbọ́ ọ rí.

Láti ibẹ̀ la gùn lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, tí àwọn CMS kọ́ parí ní 1845. Ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé. Gollmer, ọmọ Jámánì tí CMS rán wá, ló dúró ti iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀. Òun, Townsend àti Crowther ló jọ dé ní oṣù Kìíní 1845. Crowther ti di àlùfáà nígbà yẹn, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ sì ti jáde ní London ní 1843. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Wọn ò ní in lọ́kàn láti pẹ́ ní Àgbádárìgì rárá.

Àmọ́ Ṣódẹkẹ́ kú kí wọ́n tó débẹ̀. Ogun wà lójú ọ̀nà, àwọn Ẹ̀gbá sì ti sàga ti Adó. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Fún àwọn òyìnbó méjì yẹn, ìdúró lásán ni. Ti Crowther yàtọ̀: ọdún mẹ́tàlélógún ti kọjá tí wọ́n ti já a gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wá padà dé ilẹ̀, ọ̀nà kò sì jẹ́ kó wọlé.

Wọ́n ní ó gbé nínú ilé yẹn. Bí ẹ bá dúró sókè, ẹ ó rí ọ̀sà, lẹ́yìn ọ̀sà ẹ ó rí Gberefu. Ní 1845 àti 1846, òwò ẹrú kò tíì parí ní etíkun yìí. Ilé tí Seriki Abass fi ń kó ẹrú pamọ́ ṣì wà ní Àgbádárìgì náà, kẹ̀kẹ́ kò pẹ́ débẹ̀ láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó ń mójú tó o sọ pé yàrá 40 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kó èèyàn 40 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wo ọ̀kan. Èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀, mo ṣì ń wá afẹ́fẹ́.

Nínú ìdúró yẹn ni Crowther ti ń wàásù ní Yorùbá, tó sì ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850. Odidi Bíbélì di 1884 kó tó jáde. Yorùbá tí ẹ ń kà lórí fóònù yín yìí jẹ iṣẹ́ yẹn ní gbèsè.

Ẹnikẹ́ni tó bá dé St. Thomas, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ibẹ̀, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, lè rò pé ará ìlú ló kún inú ilé ìsìn nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Sàró àti àwọn ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Ògù tó ni ìlú ní ẹ̀sìn tiwọn, wọ́n ní Zangbeto tó ń ṣọ́ ìlú lóru, wọn ò sì rí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ torí àlejò tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Mo rò pé ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Àlejò tó fi ilé rẹ ṣe ibùsọ̀, o ò ní fi ìyẹ̀wù fún un. Zangbeto ṣì ń jó ní Àgbádárìgì títí dòní.

Aago mọ́kànlá kọjá kí a tó kọrí sí ìta ìlú. Ọ̀nà àtijọ́ gba Mòwó lọ sí Adó. Àwa náà gba Mòwó, àmọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì la tọ̀ dé Àgbárà. Ó tó nǹkan bí 30 kìlómítà. N kò ní fi ìtàn ọ̀nà yẹn dá yín lágara: ibì kan dán, ibì kan kòtò, tírélà ń fẹ́ eruku sí wa lójú, oòrùn ń bẹ lórí akoto. Nígbà tó yá, táyà ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wa jò. Bọ̀ọ̀dá fọkanáísà tó bá wa lẹ̀ ẹ́ béèrè ibi tí a ti ń bọ̀. Mo ní Gberefu. Ó béèrè ibi tí a ń lọ. Mo ní Abẹ́òkúta. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Gbèsè wo lẹ jẹ tí ọkọ̀ ò fi lè gbé yín?" Kò gba owó pọ́ǹpù.

Àwọn Crowther kò ní kẹ̀kẹ́, torí kẹ̀kẹ́ tí à ń fẹsẹ̀ wà kò tíì sí láyé. Àwọn ọdún 1860 ló tó jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó wá dé ọ̀dọ̀ wa, òun ni kátíkíìsì àti àlùfáà abúlé fi ń ti ìjọ kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ Sunday. Ẹ bi bàbá yín àgbà. Oṣù Keje 1846, ní àárín òjò, ni Crowther àti Townsend kúrò ní Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn aláàárù. Wọ́n wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ.

Láti Àgbárà la yà sí Lùṣàdá, a gba Ìgbẹ́sà, oòrùn sì ti ń wọ̀ kí a tó rí Adó-Odò. Ìlú jẹ́ẹ́jẹ́ ni báyìí. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyá kan ń dín àkàrà lẹ́bàá títì, a ra, a sì jókòó jẹ ẹ́. Kò sí ohun tó lè sọ fún ẹ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ogun Ẹ̀gbá fi yí ìlú yìí ká nítorí ọ̀nà tí a gùn wá yẹn gan-an. Ẹni tó bá di ọ̀nà Àgbádárìgì mú ló di ìyọ̀, aṣọ, ìbọn àti àwọn Sàró tó ń bọ̀ wálé mú. Ọ̀nà tí ìhìnrere gbà wọlé, ogun ń jà á lọ́wọ́ kí ìhìnrere tó débẹ̀.

Ọlá Àgbádárìgì kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà. Akítóyè tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè ní Èkó ti sá wá síbẹ̀. Ní 1851 ìjà bẹ́ sílẹ̀, iná jó ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fún Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà. Nígbà tí Èkó ti ṣí, kí lẹnikẹ́ni tún ń wá ní Àgbádárìgì? Ní 1852 Gollmer náà kó lọ sí Èkó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró síbẹ̀.

Ní ti Crowther, ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1846 ni ìyá rẹ̀, Àfàlá, wọlé tọ̀ ọ́ wá ní Abẹ́òkúta. Ó ti gbọ́ pé ọmọ òun wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Ohun tí Crowther kọ sílẹ̀ ni pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá. Ní 1848 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah.

Ọjọ́ kejì ìrìn wa, láti Adó-Odò dé ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's ní Aké, ni a ó gbọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.